Ewúrẹ́ Olóyún àti Abẹ́rẹ́ Dexamethasone

 Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń sin ewúrẹ́ mẹ́ta mẹ́rin lẹ́yìnkùlé, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lónìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sún mọ́ rédíò yín. Ẹni tó bá sì ń ka ìwé yìí sókè fún ẹlòmíràn, kí ó rọra máa kà á, nítorí àárín ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ló fà á. Bàbá kan wà ní abúlé kan tí mo máa ń bẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Àgbẹ̀ kòkó ni, ṣùgbọ́n ó ní ewúrẹ́ mẹ́sàn-án, irú ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa yìí. Èyí tó dára jù nínú wọn lóyún. Bàbá mọ ọjọ́ tí òbúkọ gùn ún dáadáa, nítorí òbúkọ aládùúgbò ni, ó sì sanwó sí i. Ó ti ṣèlérí ọmọ tí ewúrẹ́ náà bá bí fún ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀, pé kí ó máa sìn wọ́n, kí ó fi owó wọn ra ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́jọ́ tí ó bá gba òmìnira.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ 16 kí oyún náà pé, ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú wú. Bàbá ronú títí, ó wá rántí abẹ́rẹ́ kan. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lóyún àbíkẹ́yìn wọn, ìrọbí mú un ní oṣù keje. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà fún un ní abẹ́rẹ́, ó sì sọ fún bàbá pé abẹ́rẹ́ náà yóò jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó kí ó tó dé. Wọ́n bí ọmọ náà ní kékeré, ó yè, ó ti wà nílé ìwé báyìí. Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti há orúkọ abẹ́rẹ́ yẹn sórí: dexamethasone, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gé kúrú sí dẹ́sà. Ó gbọ́ níbòmíràn pé ó tún máa ń mú kí ibi tó wú wálẹ̀. Ó lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì bẹ ọmọkùnrin kan tó mọ abẹ́rẹ́ gún pé kí ó gún ewúrẹ́ òun. Ọjọ́ mẹ́ta léraléra ni wọ́n gún un.

Wíwú náà wálẹ̀ lóòótọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, kí ilẹ̀ tó mọ́, ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ó bí méjì. Irun ara wọn fẹ́lẹ́, wọn kò lè dìde, wọn kò lè fa ọmú. Èkíní kú kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná. Èkejì ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, òun náà lọ. Àwọn méjèèjì ni mo bá nínú agbọ̀n nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí mo wádìí títí tí mo sì gbọ́ ti abẹ́rẹ́, mo sọ fún bàbá pé ó dà bíi pé abẹ́rẹ́ náà ló pe oyún wálẹ̀. Ó wò mí. Ó ní, "Ọ̀gá, oògùn tí wọ́n fún ìyàwó mi nínú oyún, tí ọmọ rẹ̀ sì torí rẹ̀ yè, ṣé òun ló tún máa pa ọmọ ewúrẹ́?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbéèrè gidi ni. N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà, nítorí díplómà tí mo gbà kò dé ibẹ̀. Mo lọ bá dókítà ẹran wa, mo lọ ka ìwé. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ara ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é mọ̀ pé àgbàdo gbígbẹ kì í dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rẹ ẹ́, tí ẹ bò ó títí tí ó fi hù, tí ẹ wá lọ̀ ọ́, tí ẹ sè é, omi rẹ̀ yóò dùn. Ẹnikẹ́ni kò da ṣúgà sí i. Ohun kan ló wà nínú àgbàdo náà tó jí nígbà tí omi kàn án, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ sítáàṣì inú àgbàdo di ṣúgà. Irú ohun bẹ́ẹ̀ là ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Oníṣẹ́ ni. Yóò mú nǹkan kan, yóò sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, òun fúnra rẹ̀ kò ní tán síbẹ̀, yóò tún mú òmíràn. Ara ènìyàn, ara ẹran, ara ewéko, gbogbo rẹ̀ ló kún fún wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni họ́mọ̀nù. Họ́mọ̀nù ni iṣẹ́ tí ẹ̀yà ara kan ń rán sí ẹ̀yà ara mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdílé kan wà nínú àwọn họ́mọ̀nù tí à ń pè ní steroid. Ọ̀rá kan tí ń jẹ́ cholesterol ni ara fi ń ṣe gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta nínú ìdílé yìí la ń sọ lónìí. Progesterone ni èkíní, òun ló ń mú kí ilé ọmọ dákẹ́ jẹ́ẹ́ kí oyún lè jókòó. Estrogen ni èkejì, òun ló ń jí ilé ọmọ dìde tí ọjọ́ bá pé, kí ó lè fún ọmọ jáde. Ẹ̀kẹta ni cortisol, èyí tó ń wá láti inú kókó méjì tó jókòó sórí kíndìnrín. Dexamethasone tí à ń rà nínú ìgò, àfarawé cortisol ni, ó sì lágbára jù ú lọ fíìfíì.

Ta ló ń pinnu ọjọ́ tí ewúrẹ́ yóò bímọ? Èmi tẹ́lẹ̀ rò pé ìyá ni. Ọmọ inú ni. Nígbà tí oyún bá kù díẹ̀ kí ó pé, ọpọlọ ọmọ inú yóò ránṣẹ́ sí kókó kékeré kan tó wà lábẹ́ ọpọlọ, ìyẹn yóò ránṣẹ́ sí kókó orí kíndìnrín ọmọ náà, ìyẹn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í da cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Cortisol yìí yóò gba okùn ìwọ́ dé ibi ọmọ, ìyẹn ibi tí a máa ń rí tó ń tẹ̀lé ọmọ jáde. Níbẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù kan wà tó ti ń sùn láti ọjọ́ yìí wá. Orúkọ rẹ̀ ni 17-hydroxylase. Wọ́n fi 17 pè é nítorí pé ibi kẹtàdínlógún lára steroid ló máa ń fọwọ́ kàn. Cortisol ọmọ ni yóò jí i, bí omi ṣe jí ti inú àgbàdo. Bí ó bá ti jí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mú progesterone àti èyí tí à bá fi ṣe progesterone, yóò yí wọn sí ọ̀nà mìíràn, ẹ́ńsáìmù kejì tí ń jẹ́ aromatase yóò sì parí iṣẹ́ náà, ó di estrogen. Ohun tó ń pa ilé ọmọ lẹ́nu mọ́ ni wọ́n wá ń sọ di ohun tó ń jí i.

Ní ti àgùntàn, ibi ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe progesterone nígbà tí oyún bá ti dàgbà, nítorí náà bí ẹ́ńsáìmù yìí bá ti jí, progesterone yóò já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ti ewúrẹ́, ọ̀nà rẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan gùn jù bẹ́ẹ̀. Kókó aláwọ̀ ìyeyè kan nínú ilé ẹyin ló ń ṣe progesterone fún ewúrẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí di ọjọ́ ìbí. Estrogen tí ẹ́ńsáìmù náà mú wá yóò jẹ́ kí ilé ọmọ tú họ́mọ̀nù mìíràn jáde, tí ń jẹ́ prostaglandin, ìyẹn ni yóò lọ pa kókó ìyeyè náà. Bí kókó bá ti kú, ẹni tó di ilẹ̀kùn mú ti lọ, ilẹ̀kùn yóò ṣí.

Bàbá wa ti fi abẹ́rẹ́ pe ẹ́ńsáìmù yìí kí ọmọ inú tó ṣetán láti pè é. Ibi ọmọ kò mọ̀ bóyá cortisol ọmọ ni tàbí àfarawé tó wá láti inú ìgò. Ó gbọ́ ohùn kan, ó dìde.

Èwo wá ni ti ìyàwó rẹ̀? Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yà nìyí: ibi ọmọ obìnrin kò ní ẹ́ńsáìmù 17-hydroxylase yìí ní ọ̀nà tí ti ewúrẹ́ fi ní i. Ohun tí ibi ọmọ obìnrin fi ń ṣe estrogen, láti ara ọmọ inú àti ara ìyá ló ti ń gbà á wá ní èyí tí wọ́n ti ṣe dé ìdajì ọ̀nà. Nítorí náà, bí dókítà bá fún aláboyún ní dexamethasone, kò sí ẹni tó ń sùn níbẹ̀ tí yóò jí. Oògùn náà yóò kọjá lọ sára ọmọ, yóò mú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ gbó, oyún yóò sì wà níbi tó wà. Oògùn kan náà ni. Ibi ọmọ méjèèjì ni kò rí bákan náà.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìwé tí mo kà ni pé láti ara àgùntàn ni oògùn ìyàwó bàbá yìí ti wá. Dókítà kan wà ní ìlú Auckland, ní orílẹ̀-èdè New Zealand, Graham Liggins lorúkọ rẹ̀, dókítà agbẹ̀bí ni. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń fà á tí àwọn obìnrin kan fi ń bímọ kí ọjọ́ tó pé, orílẹ̀-èdè àgùntàn ló sì ń gbé, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo oyún àgùntàn. Ní àwọn ọdún 1960 ó rí i pé bí òun bá ba kókó abẹ́ ọpọlọ ọmọ inú jẹ́, oyún àgùntàn kò ní wálẹ̀, yóò máa kọjá ọjọ́ rẹ̀. Bí òun bá sì da cortisol tàbí dexamethasone sára ọmọ inú, oyún yóò wálẹ̀ ṣáájú ọjọ́. Nínú àwọn ọmọ àgùntàn tó wálẹ̀ báyìí, ó rí àwọn kan tó yẹ kí ó ti kú lójú ẹsẹ̀, nítorí oyún wọn kéré jọjọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń mí. Ó la àyà wọn, ó rí i pé afẹ́fẹ́ ti wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ó kọ èyí jáde ní 1969. Òun àti dókítà ọmọdé kan, Ross Howie, gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn aláboyún tí ìrọbí mú kí ọjọ́ tó pé, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1972: àwọn ọmọ tí ìyá wọn gba abẹ́rẹ́ yè ju àwọn tí ìyá wọn kò gbà á. Títí di òní, àwọn ilé ìwòsàn káàkiri ayé ń lò ó. Ní àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá tọ́ka sí ẹ́ńsáìmù inú ibi ọmọ àgùntàn, tí wọ́n sì rí ti ewúrẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀. Ara ẹran ni ìmọ̀ ti wá sára ènìyàn. Bàbá wa kàn fẹ́ dá a padà sílé ni, kò mọ̀ pé ọ̀nà àbọ̀ yàtọ̀ sí ti àlọ.

Ẹ jẹ́ kí n tún mú ọ̀kan kún un, kí ẹ lè rí i pé ọmọ inú ló ń pe ọjọ́ lóòótọ́. Ní ìpínlẹ̀ Idaho, ní Amẹ́ríkà, àwọn olówó àgùntàn ń rí ọmọ àgùntàn tó ní ojú kan ṣoṣo ní àárín iwájú. Wọ́n rò pé àrùn ìdílé ni, àwọn kan tilẹ̀ ń fi í pamọ́ kí ọjà àgùntàn wọn má baà bàjẹ́. Àwọn onímọ̀ ìjọba wádìí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, wọ́n rí i pé ewéko kan tó ń hù lórí òkè, tí ń jẹ́ Veratrum, ni àgùntàn jẹ ní ọjọ́ kẹrìnlá oyún. Nínú irú àwọn oyún bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà tí kókó abẹ́ ọpọlọ ọmọ kò dá ṣáṣá. Kí ni ẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀? Oyún kọ̀, kò wálẹ̀. Ọmọ ń tóbi sí i nínú ìyá, ọjọ́ ń kọjá, nítorí kò sí ẹni tí yóò ránṣẹ́ pé ó tó. Ewéko yẹn kò sí nílẹ̀ wa, ẹ má fòyà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á padà sẹ́yìnkùlé wa. Dexamethasone kì í ṣe májèlé. Dókítà ẹran ń lò ó. Bí oyún bá ti fẹ́ pa ìyá, tí ewúrẹ́ olóyún dùbúlẹ̀ tí kò lè jẹun mọ́, dókítà lè fi í pe ìbí kí ó lè gba ìyá là, nígbà tí ọjọ́ bá ti sún mọ́ pípé. Ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ ka ọjọ́ oyún ná. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ oyún kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan ìgò yẹn fún ewúrẹ́ tàbí àgùntàn tí inú rẹ̀ ti ń yọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní màlúù, tiyín tún burú díẹ̀ sí i: màlúù tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ yìí pe oyún rẹ̀ wálẹ̀, ibi rẹ̀ sábà máa ń há sínú, tí yóò sì máa rùn.

Orúkọ rẹ̀ kò sì ní jẹ́ dexamethasone nígbà gbogbo. Prednisolone wà, betamethasone wà, ẹbí kan náà ni wọ́n. Àwọn ìgò kan wà tí wọ́n ti pò ó mọ́ oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, tí ènìyàn yóò rò pé pẹnisílìn lásán ni òun rà. Ẹ fún ọmọ yín tó mọ̀wé kí ó ka ara ìgò kí wọ́n tó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Bákan náà, bí ẹ bá rí prostaglandin lára ìgò, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ rántí pé kókó ìyeyè ló di oyún ewúrẹ́ mú. Ìgbàkígbà tí ìyẹn bá wọ ara ewúrẹ́ olóyún, oyún lè wálẹ̀, ì báà ṣe oṣù kejì. Ó tilẹ̀ ń gba awọ ara wọlé, nítorí náà aláboyún àti ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án rárá.

Ohun kan tún wà tí kò kan oyún. Dẹ́sà a máa mú wíwú àti ìrora wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń so ọwọ́ àwọn ọmọ ogun inú ara pẹ̀lú. Bí àrùn bá ti wà lára ẹran, ẹran náà yóò dà bí ẹni pé ara rẹ̀ yá fún ọjọ́ kan méjì, àrùn yóò sì máa jẹ ẹ́ nínú láìsí olùdènà. Ẹni tó ń fi í wo ewúrẹ́ tó ń wúkọ́, tó ń ṣe ikun, tó ń ṣu omi, ó ń ran àrùn lọ́wọ́ ni.

Kì í ṣe gbogbo oyún tó wálẹ̀ ló jẹ́ ti abẹ́rẹ́ o. Ebi, ìnà, kíkàn láàárín ara wọn, àrùn PPR tó ń pa ewúrẹ́ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àrùn brucellosis, gbogbo wọn ló ń mú oyún wálẹ̀. Brucellosis sì ń ran ènìyàn. Nítorí náà, bí oyún bá wálẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé ọmọ tàbí ibi rẹ̀, ẹ má jù ú fún ajá, kí aláboyún má ṣe sún mọ́ ọn. Ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́, ẹ ránṣẹ́ pe dókítà ẹran kí ó wò ó, lẹ́yìn náà ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn. Bí ó bá bi yín bóyá ẹ ti gún un ní abẹ́rẹ́, ẹ sọ òótọ́ fún un. Kò wá láti fi yín sùn.

Ọjọ́ oyún kò ṣòro láti kà. Láti ọjọ́ tí òbúkọ gùn ún, ọjọ́ 145 sí 150 ni, oṣù márùn-ún ó dín díẹ̀. Ti àgùntàn náà kò jìnnà sí i. Èyí tí a gùn ní January 10 yóò bímọ ní nǹkan bí June 4 sí June 9. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ẹ ní òbúkọ àjọni, akọ̀wé yín lè ní ìwé kan tí yóò máa kọ orúkọ olówó ewúrẹ́ àti ọjọ́ sí. Ẹni tí kò ní ìwé lè fi èédú kọ ọ́ sára ògiri. Bí ewúrẹ́ olóyún bá sì ń tiro, ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, ẹ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ la àárín pátákò wò fínnífínní kí ẹ tó ronú kan abẹ́rẹ́.

Mo sọ èyí nítorí ohun tí dókítà ẹran wa rí nígbà tí mo mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá náà. Ẹsẹ̀ ti tún wú padà. Ó fọ̀ ọ́, ó fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó, ó sì fi ẹ̀mú fa ẹ̀gún ọ̀pẹ kan yọ láàárín pátákò, gígùn rẹ̀ tó ìka ọmọdé. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bàbá gba ẹ̀gún náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó, kò sọ nǹkan kan.

Ewúrẹ́ náà kò kú. Wọ́n ti mú un lọ sọ́dọ̀ òbúkọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ló fi ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sára aṣọ kọ ọjọ́ náà sára ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́, ó sì kọ ọjọ́ tí a ń retí sí abẹ́ rẹ̀.